Ẹ̀jẹ̀ Kẹtàdínlógún

Nímọ́tà gbé fọ́tò dúdú náà sókè sí ojú fèrèsé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìlà inú rẹ̀ láti apá òsì. Ó jọ fọ́tò tí wọ́n fi ń wo egungun àyà ní ọsibítù, àmọ́ kò sí egungun nínú rẹ̀. Ìlà kéékèèké ló wà níbẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́rìnlélógún, ọ̀wọ́ kan fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní, ìlà rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹni kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó kà á lọ títí ó fi dé orí ẹni kẹtàdínlógún, níbi tí ìlà náà ti já wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ki fọ́tò náà bọ inú àpò ìwé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde nílé láti lọ ba ayé ẹnì kan jẹ́.

Ẹni náà ni Àlàájì Sàkàrìyáù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá kan náà ni wọ́n ń pè ní bàbá, ìyá wọn ló yàtọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nínú oṣù kẹta ọdún 1994, ẹbí wọn ní Ìgàndó fẹ́ fa Sàkàrìyáù kalẹ̀ fún àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jẹ Baálẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti inú ìran wọn jáde nìkan ló lè jẹ oyè náà. Kí wọ́n tó fa ènìyàn kalẹ̀, àgbà ilé yóò bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ayé bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun kan lòdì sí i. Ní ìgbà kẹta ni Nímọ́tà ti pinnu pé òun yóò dìde.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1961 ni bàbá wọn kú, tó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ tó lọ jìnnà. Àwọn àgbà sì mọ bí wọ́n ṣe ń pín irú ogún bẹ́ẹ̀, ìdí-igi ni. Wọn kì í ka orí ọmọ. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bá ti bímọ fún olóògbé ni ìdí-igi kan, ìbáà bí mẹ́wàá, ìbáà bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá Sàkàrìyáù bí, ìyàwó kejì bí mẹ́rin, Wòsílátù tó jẹ́ ìyàwó kékeré sì bí Nímọ́tà nìkan. Síbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò bọ́ sọ́wọ́ Wòsílátù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ọmọ mẹ́fà náà wọra, ó sì dun àgbà wọn jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́, Sàkàrìyáù, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, dìde láàárín àwọn àlùfáà, ó ní òun kò lè jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ pín ilẹ̀ bàbá òun. Ó ní oyún oṣù méjì ni Wòsílátù gbé wọlé láti Ìkòtún, pé Nímọ́tà kì í ṣe ọmọ bàbá àwọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n ṣe já ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà ní kúrò nìyẹn, ìdí-igi tirẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta di méjì kí ìrẹsì ọjọ́ náà tó tutù.

Nímọ́tà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Òun ló ń gbé búta omi àlùwàlá kiri fún àwọn àlùfáà. Nígbà tí Sàkàrìyáù pè é ní ọmọ àlè, àlùfáà tó sún mọ́ ọn jù na ọwọ́, ó sì rọra gba búta náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó ní kí wọ́n lọ pọn òmíràn. Ìyẹn gan-an ni Nímọ́tà kò lè gbé mì. Ilẹ̀ lè lọ, àmọ́ omi tí wọ́n dà nù yẹn kò gbẹ lọ́kàn rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kó lọ sí Ẹgbẹ́dá, ó ń fọ́ ẹkùrọ́, ó ń yan án, ó ń yọ àdín. Àdín náà ló rán Nímọ́tà ní ilé-ìwé, òórùn rẹ̀ sì wà lára aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ títí tó fi jáde yunifásítì. Títí di ọdún 1986 tí obìnrin náà fi kú, ohun kan náà ló ń sọ: kí ọmọ òun fi ọ̀rọ̀ Sàkàrìyáù fún Ọlọ́run. Nímọ́tà á ní òun ti gbọ́. Kò sì fi í fún ẹnì kankan, ó fi pa mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń bi í pé kí ló gbé e dé ìdí ìmọ̀ àbùdá, iṣẹ́ tí kò lówó, tí kò sì ní iná. Á ní nítorí àwọn ọmọ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń dà láàmú ni, èyí tí àwọn ará ọsibítù ń pè ní síkúsẹ́ẹ̀lì. Òótọ́ sì ni. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àìsàn kan náà fi ń pa ọmọ kan ní kékeré, tó sì ń jẹ́ kí òmíràn dàgbà. Bí NEPA bá múná lọ, á gbé kúlà sínú ọkọ̀ lọ sí Ìkòtún, sí ilé yìnyín àwọn tó ń ta ẹja dídì, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn má baà bàjẹ́. Àwọn oníṣòwò ẹja mọ̀ ọ́n ju àwọn ọ̀gá yunifásítì lọ. Àìmọye ìgbà ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn sùn ti ẹja títù kó tó di ìwé tí àwọn òyìnbó ń kà.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Nígbà tí wọ́n fún un láyè ní 1988 láti wá ìdílé kan tó ti pẹ́ lójú kan, tí yóò gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin ibẹ̀, ìlú tó wà káàkiri Èkó pọ̀. Ìgàndó ni Nímọ́tà kọ sínú ìwé. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló fi lọ, Dókítà Ọdẹ́tọ́lá. Inú Sàkàrìyáù dùn pé ìdílé òun ni ìjọba yàn, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin ilé jáde wá. Olúgbénga, ọmọkùnrin tó ń bá Nímọ́tà ṣiṣẹ́, ló wọ pálọ̀ lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Nímọ́tà fúnra rẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí Sàkàrìyáù má baà rí ojú ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó jókòó sínú oòrùn yẹn fún wákàtí mẹ́ta, ó ń wo ògiri ilé bàbá rẹ̀.

Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ Nímọ́tà nìkan, nítorí wọ́n ti fi lẹ́tà ṣèlérí fún àwọn ènìyàn náà pé ohun tí àwọn bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, àárín àwọn àti ẹni náà ni yóò mọ. Ní 1990 ló gbé ohun tó fà yọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí ìlú òyìnbó fún ọdún kan, síbi tí iná kì í ti í lọ. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló ní in. Bàbá ló ń fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ náà á tún fún tirẹ̀, kì í sì í yí padà. Bó ṣe rí lára bàbá-ńlá, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lára àtọmọdọ́mọ. Obìnrin kì í jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí Nímọ́tà fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ lè sọ ẹni tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì lè sọ ẹni tó bí òun. Ó kọ́kọ́ bínú sí èyí. Ìgbà tó rí fọ́tò náà ni inú rẹ̀ rọ̀.

Ọkùnrin mẹ́tàlélógún rí bákan náà, ìlà wọn tò bí eyín. Ọ̀kan péré ló yàtọ̀. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó wo ẹni tó jẹ́ kẹtàdínlógún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò títí òyìnbó kan fi kan ilẹ̀kùn láti bèèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Sàkàrìyáù tó pè é ní ọmọ àlè, òun gan-an ni kì í ṣe ti ìran wọn.

Olúgbénga nìkan ló sọ fún nígbà tó dé. Ọmọkùnrin náà ní, "Dókítà, a búra fún àwọn ènìyàn yẹn. Òkò àbínújù kì í sì í pa ẹyẹ." Nímọ́tà dá a lóhùn pé òun kò bínú rárá, pé inú òun dùn ni. Ó dúró fún ọdún mẹ́ta sí i. Kò fẹ́ kí Sàkàrìyáù ṣubú láti orí àpótí, ó fẹ́ kó gun òkè ná. Nígbà tó gbọ́ pé Baálẹ̀ ti kú àti pé Sàkàrìyáù ni wọ́n fẹ́ fi jẹ, ó mọ̀ pé òkè náà ti ga tó.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí, ó wa ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ gba Ìdímù, ó ń yí fún kòtò, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún ara rẹ̀. Ó ti gé e kúrú dáadáa. Á kọ́kọ́ sọ orúkọ ìyá rẹ̀, á sì fi fọ́tò hàn, á wá sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Lẹ́yìn ìyẹn á dákẹ́, á máa wo ojú Sàkàrìyáù. Wíwo ojú yẹn ló wu ú jù lọ. Bí wọ́n fún un ní ilẹ̀ ìyá rẹ̀ padà, ó dáa. Bí wọn ò fún un, ó ṣì máa rí ojú yẹn.

Nígbà tó dé ọ̀hún, wọ́n ti to bẹ́ǹṣì sí àgbàlá, àmọ́ àwọn àgbà kò tíì pé. Àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ méjì ń fi fáìlì fẹ́ ara wọn. Sàkàrìyáù fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé rẹ̀, nínú agbádá funfun, ó ti sanra, ó ti ń tiro díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò mọ ọ́n rárá. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ìjọba ni.

"Ẹ káàbọ̀ o, màmá," ó ní. "Ẹ má dúró sínú oòrùn. Àlejò kì í dúró nínú oòrùn nílé bàbá wa."

Nímọ́tà dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Bàbá wa, ó sọ lọ́kàn rẹ̀. Máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ ná, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí àwọn ayálégbé wà tí ibòji sì wà, wọ́n fún un ní àga kan, wọ́n ní àwọn á pè é bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ló jókòó sí tí ọkùnrin kan fi yọ láti inú yàrá kan, tó wò ó, tó sì tún wò ó dáadáa. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì dáadáa ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní Simeon ni orúkọ òun, pé tíṣà ni òun ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń gbé lọ́dọ̀ Àlàájì.

"Ẹ ò lè mọ̀ mí, Dókítà, èmi ni mo mọ̀ yín," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ níbí. Ẹ ò sọ̀kalẹ̀ rárá. Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ yẹn, torí èsì ẹ̀jẹ̀ tèmi."

Nímọ́tà rọra sọ fún un pé àṣìṣe ni, pé ọmọ ilé nìkan ni àwọn gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí Simeon kankan nínú ìwé òun.

Tíṣà wo ẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó wà níbẹ̀ jàre. Orúkọ Àlàájì ló wà lára rẹ̀ ni."

Ó wá ròyìn rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nígbà kan rí. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí Àlàájì ti fi ariwo kó gbogbo ọkùnrin ilé jọ, ó rí abẹ́rẹ́, ọkàn rẹ̀ sì já. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó ń wá oyè kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ òun jáde nílé, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tí yóò bọ́ sí. Kò lè sọ pé òun ò ṣe mọ́, ojú á tì í. Ó bá wọ yàrá Tíṣà, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀ fún un, ó ní kó lọ jókòó, kó na ọwọ́, kó sì máa jẹ́ Sàkàrìyáù bí wọ́n bá pè é. Onílé ẹni kì í bẹni níṣẹ́ kéèyàn kọ̀ ọ́. Olúgbénga kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn ará ilé tó wà níbẹ̀ rí i, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàgbé.

Nímọ́tà ro ọjọ́ náà padà. Bí òun bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, bí òun bá ti wọ pálọ̀ ní ìṣẹ́jú kan péré, òun ì bá ti rí i. Ojú Sàkàrìyáù kò ṣe é gbàgbé. Ṣùgbọ́n nítorí kó má baà rí òun, òun náà kò rí i, ọ̀wọ́ kẹtàdínlógún sì wá di ti ayálégbé kan tó ti ìlú mìíràn wá. Ẹ̀rín ọdún mẹ́rin di òfo.

Láti àgbàlá ni ohùn Bàbá Múdàṣírù, àgbà ilé, ti dún, ohùn arúgbó tó ṣì le. Ó ní Sàkàrìyáù ọmọ àwọn rèé, àwọn fẹ́ fà á kalẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun kan lòdì sí i, kó wí. Èyí ni ìgbà kìíní.

Ẹ má rò pé Nímọ́tà jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìbínú tó ti jẹun fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í kú ní ọjọ́ kan. Ó ń ronú kíákíá, bó ṣe máa ń ronú níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ yìí? Sàkàrìyáù mọ̀, àmọ́ ṣé á dìde lójú ìjọba kó sọ pé òun fi ayálégbé rọ́pò ara òun? Bó bá sọ ọ́ náà, ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n á ní irọ́ ló ń pa nítorí oyè. Àwọn ará ilé tó rẹ́rìn-ín lè má rántí. Tíṣà nìkan ló kù, Tíṣà sì jẹ́ ẹni tó ń wá nǹkan lọ́wọ́ òun. Sàkàrìyáù kò ní ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tó pa irọ́ tirẹ̀. Kí ló dé tí òun á fi ní láti jẹ́ olóòótọ́ jù ú lọ? Ó di àpò ìwé náà mú, ó sì dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó wọlé," Tíṣà ní. "Ẹ bá mi wo ọmọ mi. Ìṣẹ́jú kan péré, Dókítà."

Kó tó lè dáhùn, ọkùnrin náà ti pe ìyàwó rẹ̀. Susanna jáde wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta mọ́ àyà. Yẹ́misí ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà kò sunkún mọ́, ó ti sunkún tán láti àná. Susanna ní ẹlẹ́kẹ́míìsì sọ pé ibà ni, àgbà obìnrin kan ní àdúgbò ní làkúrègbé ni, àmọ́ làkúrègbé kì í ṣe àìsàn ọmọdé. Ó ṣí aṣọ tó fi bo ọmọ náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ó ń dán. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Nímọ́tà kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ó ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọmọ síkúsẹ́ẹ̀lì tí iye wọn kọjá kíkà, nítorí wọn ni ó ṣe ń gbé kúlà lọ sí ilé yìnyín ní Ìkòtún. Ó padà jókòó. Ó fi ìka kan kan ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà, ó gbóná, ọmọ náà sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ní àgbàlá, Bàbá Múdàṣírù bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ara wọn wò rí kí wọ́n tó fẹ́ra.

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn," Tíṣà ní. "Gbogbo ọmọ ilé ló gba káàdì ẹ̀jẹ̀ tiwọn lóṣù tó tẹ̀ lé e, AA, AS, bó ṣe rí. Àlàájì ní tòun kò sí níbẹ̀. Èmi àti Susanna ò tíì ṣègbéyàwó nígbà yẹn, mo ti pẹ́ kí n tó rí aya. Pásítọ̀ bi mí pé ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́. Mo ní bí nǹkan bá ṣe mí, wọn ì bá ti kọ̀wé sí mi. Ẹni tí dókítà ò bá kọ̀wé sí, àlàáfíà ló wà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Nímọ́tà rántí ibi tí káàdì náà wà. Káàdì mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ lóṣù yẹn. Mẹ́tàlélógún ni Olúgbénga kó lọ sí Ìgàndó. Òun ló fa ti Sàkàrìyáù yọ, tí wọ́n kọ AS sí gàdàgbà, tó fi sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kò ní ìdí kan tó ju pé ó dùn mọ́ ọn. Kí ọkùnrin náà máa wá tirẹ̀ kiri, bó ti rí i nìyẹn. Kí ohun tó wà lára rẹ̀ bá a lójijì, kí òun sì ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìgbẹ̀san kékeré ni, ó ṣe é láàárín iṣẹ́ mìíràn, ó sì ti dúrọ́ọ̀ náà. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ní àgbàlá, Bàbá Múdàṣírù bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́. Ẹnì kan wúkọ́. Nímọ́tà gbọ́ ìdákẹ́ náà bó ṣe gùn tó, ìdákẹ́ tó ti ń fojú inú wò láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ohùn òun yóò ti dún. Ọmọ náà ti gbé orí lé apá rẹ̀, ó wúwo, ó gbóná. Àwọn ènìyàn sì pariwo pé Allāhu akbar, àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, Sàkàrìyáù di ẹni tí yóò jẹ Baálẹ̀.

Ó ní kí Susanna wá omi fún ọmọ náà, omi púpọ̀, kó sì wá aṣọ tó nípọn láti fi wé e. Ó sọ fún wọn pé lónìí ni àwọn yóò gbé e lọ sí ọsibítù tí òun mọ àwọn dókítà rẹ̀, pé ọkọ̀ òun wà níta, pé irú ọmọ yìí lè dàgbà bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló sọ bó ṣe ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn òbí. Nígbà tí Susanna wọ inú yàrá lọ, ó ku òun àti Tíṣà. Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé.

"Èsì yín wà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti 1988. AS ni ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ̀ bá ti ní kí Susanna lọ yẹ tirẹ̀ wò kí ẹ tó fẹ́ra, torí ọmọ AS méjì lè ní àìsàn yìí."

Tíṣà wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló sọ. Ó pẹ́ kó tó yé e. Nímọ́tà ń retí kó bú òun, ó tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi mú un wá?"

"Mo rò pé ti Àlàájì ni."

Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé èjìká. Kò gbé ohùn sókè.

"Ká tiẹ̀ ní ti Àlàájì ni ńkọ́, Dókítà?"

Àtẹ́wọ́ ṣì ń lọ ní àgbàlá. Nímọ́tà ki àpò ìwé náà sábẹ́ apá, ó sì jáde lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ọmọ náà.